Páànù Lórí Ilé Tí Wọ́n Ń Bọ̀ Wá Wó

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025

Mo yege! Mo yege! Mo yege! Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè wọ inú ìwé yìí dáadáa.

Ìdánwò àkọ́wọlé ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni — èyí tí dókítà eyín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ là kọjá kí wọ́n tó gbà á láti fi ọdún márùn-ún, mẹ́fà kọ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo títí tó fi máa di kọ́nsọ́tàǹtì. Praimárì ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo ṣe é rèé. Ti àkọ́kọ́, ká má dá a sọ.

Mò ń fa eyín bàbá kan lọ́wọ́ nígbà tí Rédíò já wọlé pẹ̀lú fóònù mi. (Rédíò ni Mọ́ṣádé, nọ́ọ̀sì wa. Kò sí ìròyìn tó wọ etí rẹ̀ tó sùn níbẹ̀ rí.) Ó pariwo. Èmi náà pariwo. Bàbá tó lanu sílẹ̀ pariwo ju àwa méjèèjì lọ — wọ́n rò pé a ti ṣì wọ́n fà. Eyín tó yẹ ni mo fà o! Mo tọrọ àforíjì, wọ́n tutọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí irú oríire bẹ́ẹ̀ kárí ilé.

Mo pe Alhaja, ìyá mi. "Màámi, mo ti yege praimárì!" Wọ́n ní, "Hikmah, praimárì wo? Ṣebí ọdún 2007 ni mo dín àkàrà pín fún gbogbo kíláàsì yín pé o jáde?" Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Kò yé wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2

Èèyàn mẹ́rin ní ìlà ṣọ́ọ̀bù Alhaja ti kí mi kú oríire praimárì. Ọ̀kan fún mi ní pẹ́ńsùlù méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Ìsinmi Mọ́líìdì. Gbogbo wa wà nílé. Alhaja se ìkọ́kọrẹ́, ẹja rẹ̀ pọ̀ ju iṣu ewùrà rẹ̀ lọ. Ọjọ́ ire. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: kí fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn tí mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn tó ti ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, mo gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀ka kan sí i. Ọ̀kan péré. Kì í ṣe ọbẹ̀ tí mo máa tọ́ wò kí n tó bù. Iṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n wà — àwọn tó ń to egungun tí ọ̀kadà fọ́. Títo eyín wà — wáyà, ẹwà, àwọn ọmọ olówó Lẹ́kí. Ti erìgì wà. Ti eyín àtọwọ́dá àwọn arúgbó wà. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé inú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá nìkan ni wọ́n ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọn kì í rí aláìsàn sójú (ìyẹn ò lè bá mi lára mu, mo fẹ́ràn ẹjọ́ wẹ́wẹ́ jù). Eyín ọmọdé náà sì wà.

Èmi ti mọ èyí tí mo fẹ́, láti ọdún kẹrin mi ní yunifásítì. Ọmọdé tó fi ẹkún wọlé, tó wá ń fi eyín han gbogbo èèyàn bó ṣe ń jáde lọ — kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó o nínú iṣẹ́ yìí.

Mo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Bàbá mi, Alhaji Yẹ̀kínì Onípáànù — ta ni kò mọ ilé ìtajà wọn n'Ìjẹ̀bú-Òde? — gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Eyín ọmọdé. Eyín tó máa fúnra rẹ̀ bọ́ yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Wọ́n ní, "Bí ìjọba bá fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé kan pé àwọn ń bọ̀ wá wó o, ṣé wàá wá ra páànù lọ́wọ́ mi, kí o lọ kàn án sórí rẹ̀?"

Alhaja rẹ́rìn-ín títí ẹja fi fẹ́ há wọn lọ́rùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ó sì dùn mí.

Mo mọ ibi tó ti wá. Bọ̀dá Mukhtar ni, àbúrò Alhaji. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, kókó yọ sí wọn lágbọ̀n, ojú wọn wú, a ti ń sunkún lábẹ́lẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ kan n'Íbàdàn gé e kúrò, ó fi egungun ìhà tún àgbọ̀n náà ṣe. Lónìí Bọ̀dá Mukhtar ń họ egungun ẹran, wọ́n tún ń bú àwọn agbábọ́ọ̀lù níwájú tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà yẹn, bí Alhaji bá ń ṣàdúà fún mi, oníṣẹ́ abẹ yẹn ni wọ́n ń rí. "Hikmah, ìwọ náà á gba ọmọ ẹlòmíì là báyìí." Báwo lèèyàn ṣe ń sọ pé rárá sí irú àdúà bẹ́ẹ̀?

Mi ò sì lè lọ láìsí àdúà wọn. Mi ò tíì lọ ṣe ìdánwò kankan rí láìjẹ́ pé ọwọ́ wọn kọ́kọ́ wà lórí mi, láti ìgbà tí mo ti ń wọ girama. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 8

Alága tún ṣe bó ṣe máa ń ṣe. (Alága ni àga tí a ń tọ́jú eyín lórí rẹ̀. Ó ti dàgbà, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá wù ú, kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.) Ó gbé tíṣà kan sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Tíṣà náà ní "Yéè!", a sì rí eyín tó ń dùn ún kedere.

Ṣùgbọ́n ti Ẹniìtàn ni mo fẹ́ kọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà, láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ àgbà. Eyín ẹ̀yìn kan ti luhò. Ìyá àgbà ní, "Ẹ fà á dànù jàre, Dókítà, ṣebí òun náà máa bọ́." Háà! Àfi bí ẹni pé Alhaji ló rán wọn sí mi. Mo ní, "Màmá, tí a bá fa èyí lónìí, èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ ò ní dé títí ọmọ yìí á fi pé ọdún mẹ́wàá, mọ́kànlá." Mo dí ihò náà. Bí mo ṣe ń ṣe é lọ, eyín iwájú kan tó ti ń mì bọ́ sí mi lọ́wọ́ wẹ́rẹ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹniìtàn fẹ́ ju eyín rẹ̀ sórí òrùlé kí alángbá tó rí i, kí tuntun lè hù. Ó jáde, ó gbójú sókè wo ilé ìwòsàn. Dẹ́kìn ni, ó rí pẹrẹsẹ.

"Ilé yín ò ní páànù!"

Omijé. Èmi àti Rédíò wo ara wa. A wá rántí yàrá àwọn tó ń ṣọ́ géètì, páànù ni tiwọn. Rédíò ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà mọ́ ọn, ọ̀kan fún ọdún kan. Ọmọ náà pe orúkọ ara rẹ̀, ó jù ú — gbàràgàdà lórí páànù — gbogbo wa bá sáré wọlé kí alángbá kankan má rí wa. Dókítà, nọ́ọ̀sì, ìyá àgbà, gbogbo wa. Ọ̀gá wa, Dókítà Ernest, wà lójú fèrèsé wọn. Wọ́n kàn ní, "Ẹ rọra o. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lorúkọ wọn nínú ìwé yìí.

Inú iṣẹ́ abẹ wo ni mo ti fẹ́ rí irú ọjọ́ báyìí?

Ọjọ́bọ̀, 11

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní ọwọ́ mi dára, ojú mi mọ́, kí ni mo fẹ́ kọ sí fọ́ọ̀mù? Mo sọ. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní eyín ọmọdé dára, ṣùgbọ́n àwọn tó ń to eyín ni wọ́n ń wá kiri báyìí. Bí mo bá sì wá lọ síbi eyín ọmọdé, ṣé mo mọ̀ pé n óò máa ṣàlàyé ara mi fún gbogbo èèyàn títí n óò fi fẹ̀yìn tì? "Ronú sí i. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Ayọ̀kúnmi náà fi ohùn ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi ni, orí àga kan náà la jọ jókòó sí ní yunifásítì. Ó ní kí ni mo ń fi fọ́ọ̀mù Ìbàdàn ṣe, kí n wá ṣe másítà lọ́dọ̀ àwọn, ọdún kan péré. Lẹ́yìn náà ó rojọ́ òtútù fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko.

Òru yìí mo ti di oníṣẹ́ abẹ, mo ti di atoyín, mo ti dé Lọ́ńdọ̀n, mo sì ti padà. Inú ìwé lásán. Ọkàn mi ò kúrò níbi tó wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Mo kọ gbogbo fọ́ọ̀mù tán — orúkọ, ọjọ́ orí, ilé ẹ̀kọ́. Mo fi àyè ẹ̀ka sílẹ̀ lófìfo.

Mo dé ilé, mo bá ìkòkò ńlá méjì, bókẹ́ẹ̀tì, ẹní, àti sítóòfù kan ní pálọ̀. Mo ní ta ló ń kó wọlé? Alhaja ní èmi ni. Wọ́n gbọ́ tí mo ń sọ lórí fóònù pé "rẹ́sídẹ́ńsì" ni mò ń lọ ṣe n'Íbàdàn, wọ́n sì ti rò ó pé ilé ni ìjọba fún mi. "Ilé tí wọ́n fún èèyàn, kò dáa kéèyàn wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òfo."

Mo ní iṣẹ́ ni, Màámi, iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ́, kò sí ilé nínú rẹ̀. Wọ́n wò mí tàánú-tàánú. "Kò sílé ńbẹ̀, wọ́n wá ń pè é ní rẹ́sídẹ́ńsì? Jìbìtì ni o." Wọn ò dá ìkòkò náà padà.

Ọjọ́rú, 17

Àyè náà ṣófo síbẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Ẹ̀rín ṣì ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Awakọ̀ Alhaji lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n ní kí n gbé àwọn dé Ibefun kí àwọn wo ilẹ̀ àwọn. Ilẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ ilé sí láti ìgbà tí mo wà ní girama. A kì í bi wọ́n léèrè rẹ̀ mọ́. "Ọdún tó ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run" ni ìdáhùn.

Dáúdà ló ń ṣọ́ ilẹ̀ náà fún wọn, ó ti di ọdún mọ́kànlá. Ahéré kan ló wà lórí rẹ̀, yàrá kan àti ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti Sàdíátù ọmọ wọn ń gbé. Mi ò dé ibẹ̀ rí tí mo fojú sí i. Lónìí oòrùn bọ́ sórí òrùlé ahéré náà, ó sì ń kọ mọ̀nà. Páànù gidi! Èyí tó nípọn, irú èyí tí Alhaji ń tà fún àwọn tó ń kọ́ ilé alájà.

Mo bi wọ́n, tinútinú ni, mi ò tíì ní nǹkan kan lọ́kàn: "Alhaji, bí ẹ bá wá fẹ́ kọ́ ilé yín, kí lẹ máa ṣe sí ahéré yìí?"

Wọ́n ní, "A máa wó o ni. Ojú ibẹ̀ gan-an ni ilé máa wà."

"Ẹ sì kan páànù tó dáa tó báyìí sí i?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. Wọ́n ní bí àwọn ò bá ṣe ibẹ̀ dáadáa, ṣé Dáúdà máa dúró nínú òjò? Bí Dáúdà ò bá sì dúró, ọdún kan ò ní pé tí ará apá ọ̀tún á ti sún ògiri wọ̀ ọ́, tí ará apá òsì á sún tiẹ̀. Ajagungbalẹ̀ kọ́ o, àwọn aládùúgbò ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ náà ni. "Nígbà tí ilé mi bá wá ṣetán láti jáde..."

"...kò ní sí ibi tó máa dúró sí," mo bá wọn parí rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló ta sí mi. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di igi àgbọn mú. Mo ní, "Alhaji! Eyín ọmọdé lẹ ń sọ yẹn! Dáúdà ni eyín ọmọdé! Òun ló ń bá eyín àgbà ṣọ́ ilẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó jẹrà, tàbí tí a fà á dànù kí àsìkò rẹ̀ tó pé, àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sún wọlé, onílẹ̀ á wá dé, kò ní ráyè, á wá jáde ní wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ ti kan páànù sórí ilé tí ẹ ń bọ̀ wá wó, ẹ tiẹ̀ fi èyí tó dáa jù kàn án!"

Dáúdà náà ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Ó ní òun dúpẹ́ bí wọ́n ṣe fi òun wé eyín.

Alhaji wo páànù. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Wọ mọ́tò, jẹ́ ká máa lọ."

Ohun kan sì kù. Ìyàwó Dáúdà fún wa lágbàdo sísè. Sàdíátù, ọmọ ọdún méje, ń jẹ tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo ní kí Dáúdà gbé e wá sí ilé ìwòsàn. Ó rẹ́rìn-ín: "Eyín ọmọdé ni, Dókítà, ó máa bọ́." Mo yíjú sí Alhaji. Alhaji yíjú sí ojú títì.

Láti Ibefun títí dé ilé, wọn ò sọ ju "Dín eré kù" lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Wọ́n jẹun. Wọ́n wo ìròyìn. Wọ́n bá Bọ̀dá Mukhtar jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Lórí ọ̀rọ̀ mi, ẹnu wọn padé ṣin-ṣin.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa ya ẹnu ẹlẹ́nu, mi ò rí ti bàbá mi yà.

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Mo kọ ọ́. Ẹ̀ka: Eyín Ọmọdé. Mo ṣe bísímílà, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Mo lọ sọ fún Alhaji ní ṣọ́ọ̀bù kí Rédíò tó dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Wọ́n ń ka páànù fún oníbàárà lọ́wọ́. Mo ní, "Mo ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, sà. Eyín ọmọdé ni mo kọ." Wọ́n ní, "O ti kọ ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ó dáa."

Méjì ni "ó dáa" Alhaji. Ọ̀kan ń bọ̀ láti inú ikùn, ẹ̀rín ló máa ń tẹ̀ lé e. Èkejì, wọ́n á ti padà sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe kí ó tó parí lẹ́nu wọn. Èkejì ni wọ́n fún mi. Wọ́n ṣì í kà nígbà tí mo ń jáde, wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ látorí ìkíní.

Ọjọ́bọ̀, 2 Ọkitóbà

Wọ́n pè mí fún intafíù! Ìbàdàn, ọjọ́ kẹrìnlá. Mi ò ní kọ orúkọ ilé ìwòsàn náà síbí kí ojú ayé má baà ta á. Èèyàn mọ́kànlá, àyè méjì.

Rédíò ní òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní aago méjì ọ̀sán, ẹni tó ń ta súyà níwájú géètì ṣàdúà fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Mo jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Mo wẹ̀, mo kírun, mo wọ bàtà tó ń ha mí lẹ́sẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Alhaji. Alhaja ló jáde sí mi. Wọ́n ní Alhaji ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Wọn kì í tètè lọ tó bẹ́ẹ̀.

Ó dùn mí. Kí n má fi àwàdà bò ó, ó dùn mí wọnú eegun. Alhaja gbé ọwọ́ tiwọn lé mi lórí, wọ́n ṣe é dáadáa, wọ́n tún fi orúkọ gbogbo ìyá ìyá wọn kún un. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo sunkún dé ibi tí ọ̀nà Ìbàdàn ti yà.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó sínú yàrá. Ọkùnrin méjì àti Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tó ní dígí lójú bí olórí ilé ẹjọ́. Wọ́n bi mí ní ti ìwé, mo dáhùn. Lẹ́yìn náà Ọ̀jọ̀gbọ́n náà bọ́ dígí wọn. "Dókítà, sọ òótọ́ fún wa. Kí ló dé tí o fẹ́ fi ọdún mẹ́fà kọ́ nípa eyín tó máa bọ́?"

Ẹ gbà mí! Alhaji ti ṣáájú mi dé Ìbàdàn!

Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo ti há sórí fò lọ. Mo la ẹnu, Dáúdà ló jáde. Ilẹ̀ Ibefun, ahéré, páànù tó ń kọ mọ̀nà, àwọn aládùúgbò tó ń sún ògiri, gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé Yorùbá ni mò ń sọ. Ọkùnrin àárín rẹ́rìn-ín títí bírò rẹ̀ fi bọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ibefun? Ẹ̀gbọ́n mi ní ilẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò fi ẹnì kankan sí i." Wọ́n gbé dígí wọn padà sójú. "Àwọn ẹlòmíì ti kọ́ ilé méjì sórí rẹ̀."

Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá máàkì mi ni tàbí nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n wọn.

Ọjọ́rú, 22

WỌ́N GBÀ MÍ.

Ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Alhaja jó yí ìkòkò wọn ká, wọ́n ní ṣé mo rí i pé ó ní ohun tí àwọn rí kí àwọn tó rà á. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbá mi lọ́wọ́ mú, wọ́n ní àwọn yọ̀, ojú wọn sì ń ṣẹ́ omi. Ayọ̀kúnmi kígbe láti Lọ́ńdọ̀n títí aládùúgbò rẹ̀ fi kan ògiri.

Alhaji ní, "Àlùhámúdù lílàhì." Wọ́n béèrè ọjọ́ tí mo ń lọ. Mo sọ. Wọ́n ní, "Ó dáa."

Mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ni.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Mo di ẹrù. Mo tún un tú. Kí ni n ó fi ìkòkò ńlá méjì ṣe?

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù. Bí wọn ò bá ṣàdúà náà, màá lọ, mo mọ̀ pé màá lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 31

Ọjọ́ ìkẹyìn mi ní ilé ìwòsàn. Rédíò ra kéèkì. (Kéèkì, nílé ìwòsàn eyín! Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bu ẹ̀ẹ̀mejì.)

Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, Rédíò yọjú, ojú rẹ̀ tóbi. Ó ní, "Dókítà, ẹ jáde wá wo nǹkan."

Alhaji ni. Nínú agbádá Jímọ̀ wọn. Ẹni tí kò wọ ilé ìwòsàn wa rí láti ọdún mẹ́ta tí mo ti wà ńbẹ̀, tí orín ata nìkan jẹ́ dókítà eyín wọn, tí wọ́n máa ń sọdá sí òdìkejì títì bí òórùn oògùn bá ti kàn wọ́n nímú. Wọ́n di Sàdíátù lọ́wọ́ mú. Dáúdà wà lẹ́yìn wọn, ó bọ́ fìlà, bí ẹni tí wọ́n mú wá sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Alhaji kí gbogbo ilé. Wọ́n ní ó rẹ àwọn díẹ̀, wọ́n sì lọ jókòó sórí Alága. Kí n tó la ẹnu — ó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ gbìì. Agbádá bo wọn lórí. Láti abẹ́ agbádá náà wọ́n ń ké pe Ọlọ́run, wọ́n ń bẹ̀ wá pé àwọn kọ́ ni aláìsàn, kí á má fa eyín àwọn! Mo rẹ́rìn-ín, mi ò lè dúró. Sàdíátù tó ti ń sunkún tẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín ju mi lọ. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti wo ẹnu rẹ̀ tán.

Eyín iwájú kan ń mì, tuntun ti ń tì í lẹ́yìn. Èyí ti parí iṣẹ́ rẹ̀, mo yọ ọ́, kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo yọ ọ́. Eyín ẹ̀yìn kan luhò, àmọ́ ihò náà ò tíì wọ inú lọ jìnnà. Bí mo ṣe fẹ́ máa dí i, Alhaji sún mọ́ ẹ̀yìn mi. Wọ́n tẹ̀ ba. Wọ́n wo ẹnu ọmọ náà fínnífínní bí ẹni tó ń wo páànù bóyá ó ní àbàwọ́n.

Wọ́n ní, "Èwo ni Dáúdà nínú wọn?"

Mo fi irin tọ́ka sí eyín ẹ̀yìn náà. Omijé ti kún mi lójú, mi ò rí ọ̀nà dáadáa.

Wọ́n ní, "Ṣe é kó nípọn."

Nígbà tí a parí, wọ́n gba eyín iwájú náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wé e sínú bébà, wọ́n fún Sàdíátù. Wọ́n ní kó má jù ú síbí o, dẹ́kìn ò mọ nǹkan kan; kó mú un délé, páànù tó dáa wà lórí tiwọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Nínú yàrá ìtọ́jú, lórí táìsì, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí. Àdúà náà gùn. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo lọ sí Ìbàdàn, inú mọ́ṣáláṣí làwọn wà tí àwọn ń bẹ Ọlọ́run fún mi, ṣùgbọ́n ojú ń ti àwọn láti sọ ọ́ sí mi lójú. Wọ́n ní kí n dárí ji àwọn. Bàbá mi! Mo ní kí ni wọ́n ṣe? Mo sunkún sára agbádá Jímọ̀, mo sì fi símẹ́ńtì eyín yí i, kò ní jáde mọ́.

Wọ́n ń lọ nígbà tí wọ́n dúró lọ́dọ̀ Rédíò. Wọ́n tún agbádá wọn gbé séjìká, wọ́n gbóhùn sókè kí gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lè gbọ́:

"Ọmọ mi ń lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé. Ó ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan páànù sórí ilé tí wọ́n ń bọ̀ wá wó."

Rédíò ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ìjagun, ìlú tó múlé tì wá, báyìí.